Ẹrù Màmá Ìlá Ló Kọ́kọ́ Wọlé

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo Uwasota, àdúgbò wa ní Benin, ń bi mí: ṣé mo rí ẹja àbùùbùtán? Mo rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí, ó dúdú, ó ń dán, ó sì ti rì lọ kí n tó pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìyẹn ló wá gbọ́ ti gbọ́ tirẹ̀, kó máa lọ sílé ní àlàáfíà. Èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi, nítorí pé ohun tí mo gbọ́ pé mo sọ láti ìgbà tí mo ti dé ti pọ̀ ju ohun tí mo sọ lọ.

Mọrẹ́nikẹ́ ni orúkọ mi. Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí, Benin ni mo ti bímọ. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kékeré tí wọ́n ní sí ìgboro níbí. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé Benin kò ní òkun. Ìwé ẹrù ni àwa ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ọkọ̀ tí n kò fojú kàn rí.

Nígbà tí ìjì jà ní etíkun Mòsáńbíìkì, tí odò sì kún bo oko àti ilé, iléeṣẹ́ wa kéde pé àwọn yóò fi ọkọ̀ àwọn kó ẹrù ìrànwọ́ lọ sí ìlú Beira lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Uwasota bẹ̀ mí kí n bá wọn gba àyè kọntéínà kan. Mo bá mánija sọ ọ́, ó gbà. Ó tilẹ̀ ṣèlérí pé kọntéínà tiwa yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní òdìkejì odò gan-an, níbi tí ọkọ̀ ilẹ̀ kò lè dé mọ́. Inú ẹgbẹ́ dùn. Wọ́n kọ orúkọ wa gàdàgbà sára aṣọ funfun kan tí a ó nà sí iwájú ẹrù fún fọ́tò.

Ilé kan, ìdì kan

Iléeṣẹ́ ti fún wa ní ìlànà: ọṣẹ lọ́tọ̀, iyọ̀ lọ́tọ̀, aṣọ lọ́tọ̀, kí á sì kọ ohun tó wà nínú páálí sára páálí. Alága ka ìlànà yìí sí wa létí ní ìpàdé. Kò tíì kà á tán tí Màmá Ìlá fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Màmá Ìlá ni àgbà obìnrin ẹgbẹ́ wa. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n ti wá, ó sì ti pẹ́ tí Uwasota ti di ilé wọn.

"Ẹni tí ilé ẹ̀ wó, ẹ fẹ́ fún un ní ọṣẹ nìkan," ni Màmá wí. "Ṣé wọ́n sọ fún yín pé ó dọ̀tí ni? Ẹ tún fẹ́ fún òmíràn ní iyọ̀ lásán. Kí ló fẹ́ fi iyọ̀ sè? Ilé kan, ìdì kan. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan di ẹrù tirẹ̀: gààrí, iyọ̀, ọṣẹ, ìṣáná, aṣọ, abọ́, gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú aṣọ kan, a sì ta á ní kókó. Àwọn Mùsùlùmí fi tẹ̀sùbáà sí i, àwọn ọmọ ìjọ fi Bíbélì sí i. Ó dára lójú, n kò sì rò nígbà náà pé ó burú.

Ọjọ́ tí tírélà gbé kọntéínà wá, àwọn géńdé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tó sún mọ́ wọn. Alága pariwo mọ́ wọn: "Ẹ dúró ńbẹ̀! Ṣé ẹ ò lágbà nílé ni? Ẹrù Màmá Ìlá ló máa kọ́kọ́ wọlé." Wọ́n gbé ìdì Màmá, èyí tí wọ́n fi àdìrẹ dúdú dì, wọ́n gbé e sí igun ẹ̀yìn pátápátá, a sì gbàdúrà lé e lórí. Ti Alhaja, tó tẹ̀lé Màmá lọ́jọ́ orí, ló tẹ̀lé e, ti Alága tẹ̀lé ti Alhaja, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé orí tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò. Tiwọn ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ kọntéínà mọ̀ pé ohun tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń kẹ́yìn jáde. Ẹnu yún mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde láàárín ẹgbẹ́, kí ó ní kí wọ́n fi ẹrù ọmọdé ṣáájú ti ìyá àgbà? Mo ń ṣe àmín bíi ti àwọn yòókù.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Màmá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mọrẹ́nikẹ́, ọ̀já Fúnkẹ́ wà nínú ẹrù mi."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn Fúnkẹ́ láàárín wa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé yìí lókèèrè lè má mọ̀ ọ́n. Òun nìkan ni Màmá Ìlá bí lóbìnrin. Ní ọdún kan tí omi kún, ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti sọdá odò lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Ó ti gbé ọmọ rẹ̀ jòjòló fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọ̀já tó fi ń pọ̀n ọ́n. Wọ́n rí òkú gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ti Fúnkẹ́ nìkan ni wọn kò rí, títí di òní olónìí.

"Ìwọ ni kí o fọwọ́ ara ẹ tú u," ni Màmá wí. "Fi pọn ọmọ kan fún mi, ọmọ tí omi ò rí gbé. Kí o wá bi ìyá ẹ̀ lórúkọ. Orúkọ yẹn ni kí o mú bọ̀ fún mi."

Mo ní mo gbọ́.

Lójú òkun

Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í fi ẹrù ránṣẹ́ sílé ẹni tí àjálù bá, kí ó má sí ẹni tí yóò fẹnu kí i. Wọ́n ní èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ẹrù náà. Iléeṣẹ́ sì ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò bá ẹrù ìrànwọ́ lọ, tí yóò dúró ran àwọn ará èbúté Beira lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bó ṣe di pé èmi ni mò ń lọ nìyẹn. Tóbi ọmọ mi, tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn bí mo tilẹ̀ nà án lẹ́gba, wò mí títí. "Mummy, na inside sea you wan go so? You wey no sabi swim?" Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ dìde. Ó jáde, ó lọ ra agolo ńlá rọ́ọ̀bù ìpara kan bọ̀, ó sì tì í sínú àpò mi.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé òkun dùn ún wò, ẹ jókòó sílé yín. Èébì ni mo kọ́kọ́ fi kí i. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo wá ń jáde wo omi. Omi níwájú, omi lẹ́yìn, kò sí igi, kò sí òkè, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ káàárọ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì tijú láti sọ ọ́.

Ọmọlúàbí ni àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà. Ará Íńdíà ni ọ̀gá wọn, ará Filipíìnì ló pọ̀ jù nínú àwọn yòókù. Bí mo bá ń gun àkàbà bọ̀, wọn yóò dúró títí n ó fi kọjá. Ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, títí mo fi ń lá àlá rẹ̀. Réné ni orúkọ ọkùnrin tó ń se oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ̀ǹda iná fún mi, mo te èbà. Ó tọ́ ọ wò, ó ronú, ó bu omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń bù sí gbogbo nǹkan sí i, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ojú mi rí nǹkan.

Lọ́jọ́ mìíràn tí mo ń bá a bó àlùbọ́sà ni ó sọ fún mi pé ìjì ti wó ìlú tòun náà rí. Ó ní ọkọ̀ òkun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn, gbogbo ìlú sì sáré lọ sétí omi.

"Àpótí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí, ẹ̀wù òtútù ló kún inú ẹ̀, Madam. Ẹ̀wù onírun, nínú oòrùn yẹn. Omi mímu là ń wá." Ó mú àlùbọ́sà mìíràn. "Kí ló wà nínú ti yín?"

"Gbogbo nǹkan ló wà ńbẹ̀," ni mo fi ìgbéraga dá a lóhùn.

Àlùbọ́sà rẹ̀ ló ń bó lọ.

Beira

Kí a tó rí ilẹ̀ la ti rí ẹrẹ̀. Òkun tó ti ń dúdú láti ọjọ́ yìí wá pupa bí àgbàrá Ugbowo ní Benin lásìkò òjò. Odindi igi ń léfòó, pákó òrùlé ń léfòó, àga ọmọ iléèwé kan sì ń yí po lójú ọ̀nà ọkọ̀ wa. Àwọn tó ti ń pe ara wọn kiri lórí ọkọ̀ wá tò sẹ́tí rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Nígbà tí ìlú yọ, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní òrùlé mọ́.

Kọntéínà tí gbogbo ayé fi ránṣẹ́ ti tò jọ sí èbúté bí ògiri. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ayé ṣì láàánú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lọ síbì kankan, wọ́n kàn jókòó gba ilẹ̀ ni.

Dona Amélia ló ń bójú tó ẹrù ìrànwọ́ níbẹ̀. Dona ni wọ́n fi ń pe obìnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, bí àwa ṣe ń sọ pé Ìyáàfin. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ ti há, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ó ti gbé ní Sìmbábúwè rí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó yà á lẹ́nu, òun náà lóṣòó, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó sì rọra pàtẹ́wọ́ fún mi, pẹ́, pẹ́, pẹ́. Ìkíni wọn nìyẹn. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀, a ò mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dìde, títí a fi bú sẹ́rìn-ín. N kò tún rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Mo jíṣẹ́ ẹgbẹ́ fún un: ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ó ní kí n tún un sọ ní Yorùbá, pé òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo tún un sọ, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa kò ṣìnà nígbà tí wọ́n ní kí èèyàn tẹ̀lé ẹrù.

Iléèwé kan tó sún mọ́ èbúté ni àwọn tí ilé wọn wó ń sùn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti ń jẹun. Túwó àgbàdo funfun ni oúnjẹ wọn. Ewé ẹ̀gẹ́ tí àwa ń dà fún ewúrẹ́ ni wọ́n gún, tí wọ́n fi ẹ̀pà àti àgbọn sè, mo sì lá abọ́. Àwọn tí kò nílé mọ́ ló ń da omi sí mi lọ́wọ́ kí n fi fọwọ́, wọn kò sì ní fọwọ́ kan nǹkan títí àlejò yóò fi kọ́kọ́ bu òkèlè. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ jẹ díẹ̀ kí tiwọn lè pọ̀. Wọ́n bínú, ni mo bá tún bù sí i. Mama Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí, àwọn ọmọdé sì ń tẹ̀lé mi kiri nítorí gèlè mi.

Àyè kan ṣoṣo

Mo ti rò ní Benin pé kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun gbé ẹrù dé náà ni gbogbo iṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wa ń tú èbúté tó dí, wọ́n ń yọ̀ǹda kọntéínà òfìfo fún àwọn tó ń ṣèrànwọ́ láti fi ṣe ilé oògùn, wọ́n sì ti wá ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tó lè gba ojú odò tí kò jìn kọjá. Ọkọ̀ náà kéré. Nígbà tí wọ́n to omi mímu àti àgọ́ sí i tán, àyè kọntéínà kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Àwa ni mánija ti gba àyè náà fún.

Dona Amélia ní kí n ṣí kọntéínà wa fún òun. Ìdì ẹrù kún un láti ilẹ̀ dé òkè. Ó fa ọ̀kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tú u. Iyọ̀ ti yọ́ mọ́ aṣọ, gààrí sì ń rùn bí ọṣẹ. Ó rọra dì í padà, ó sì ta á ní kókó bó ṣe bá a.

"Ẹni tó di èyí fẹ́ràn èèyàn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n n kò lè mọ ohun tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan láìtú u, n kò sì ní ẹni tí yóò tú u lọ́hùn-ún. Omi tí ewúrẹ́ kú sí ni wọ́n ń mu lọ́hùn-ún. Àrùn onígbáméjì ti bẹ̀rẹ̀." Ó nawọ́ sí kọntéínà oníyìnyín kan tó ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Oògùn àjẹsára tí a ń kán sẹ́nu ló wà nínú ìyẹn, pẹ̀lú omi tí a ń fà sára aláìsàn. Bí oògùn náà ò bá sí nínú òtútù, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá yín ti fún yín ní àyè yìí, n kò lè lé yín kúrò. Ẹ̀yin ni mo ń bi."

Mo pe Alága lórí fóònù, mo ṣàlàyé.

"Rárá o!" ni Alága wí. "Mọrẹ́nikẹ́, ohun tí wọ́n ṣèlérí fún wa kọ́ nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ń retí fọ́tò. Kí ni kí n sọ fún Màmá Ìlá?"

Kí n tó dáhùn, ìpè náà ti já.

Mo dúró lẹ́nu kọntéínà náà, mo ń wo igun ẹ̀yìn tí n kò lè rí. Ibẹ̀ ni àdìrẹ Màmá wà, ibẹ̀ ni ọ̀já Fúnkẹ́ wà. Kí ọwọ́ tó lè tó o, a ní láti kó ẹrù gbogbo Uwasota jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni omi odò ti ń fà sẹ́yìn, ọkọ̀ pẹlẹbẹ kò sì lè dúró. Ká ní tọkọtaya tí ẹrù wọn wà lẹ́nu ọ̀nà ló ni ọ̀já ni, ǹ bá ti fi sápò. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo rántí ojú Màmá nígbà tí wọ́n ní orúkọ ni kí n mú bọ̀. Mo tún wo kọntéínà tó ń kùn.

Mo ní kí wọ́n gbé tiwa kúrò.

Òdìkejì odò

Mo bá ọkọ̀ pẹlẹbẹ náà lọ. Orí igi la ń rí lójú omi, àti òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan tí àwọn ẹyẹ kún orí rẹ̀. Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo rò pé wọn yóò ya bo ẹrù. Wọ́n tò sẹ́tí omi, wọ́n lóṣòó, wọ́n sì pàtẹ́wọ́, pẹ́, pẹ́, pẹ́. Olórí wọn kí wa tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Òùngbẹ ń gbẹ àwọn èèyàn náà o, síbẹ̀ wọ́n kọ́kọ́ kí wa.

Nínú àgọ́ tí wọ́n fi ṣe ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lórí ẹní, omi ń kán sí i lára. Zita ni orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin, Luísa, fún mi pẹ̀lú ife omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni kí n máa fún un. Nígbà tó mu ún tán, kò gbà kí n gbé òun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fẹ́ ọwọ́ mi níbi púpọ̀. Mo fẹ́ pọ̀n ọ́n, ni mo bá rántí pé ọ̀já tí mo gbé sọdá òkun wà ní èbúté, lábẹ́ ẹrù. Mo tú gèlè orí mi, mo fi pọn ọmọ náà. Ọmọ tó ti ń rìn ni, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ń ṣiṣẹ́ kiri báyìí láìwérí, èmi tí n kì í yọ sẹ́nu ọ̀nà láìwérí ní Uwasota.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló yè. Mo tún rí nǹkan kan níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Odò gbé òkú obìnrin kan wá sí ẹ̀gbẹ́ àgọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin wẹ̀ ẹ́, ìyàwó olórí wọn bọ́ ìró tirẹ̀ fi dì í, wọ́n sì sin ín. Lẹ́yìn náà wọ́n lóṣòó, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé ìyá wọn ni. Mo bá wọn lóṣòó.

Nígbà tí mo fi ń padà, Zita ti ń jókòó, Luísa sì ti ń sunkún bí ẹnì kan bá fẹ́ gba gèlè náà lára rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún un.

Obìnrin tó dé kẹ́yìn

Ní èbúté, n kò kọ́kọ́ dá kọntéínà wa mọ̀. Wọ́n ti gé fèrèsé sí i, bẹ́ẹ̀dì sì wà nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn pátápátá. Dona Amélia sọ fún mi pé òun ní kí àwọn obìnrin tó ń sùn ní iléèwé wá mú ìdì kọ̀ọ̀kan, kí kálukú tú tirẹ̀. Ó ní inú wọn dùn, nítorí pé ìdì kan tó ilé kan láti tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó ní kí a dì í bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí á jọ̀wọ́ má di ọṣẹ mọ́ gààrí mọ́.

"Àdìrẹ dúdú tó wà ní igun ẹ̀yìn ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó pe ọkùnrin kan tó bá wọn kó ẹrù. Ọkùnrin náà rántí. Ó ní obìnrin kan ti ọ̀nà jíjìn wá, nígbà tó fi dé wọ́n ti pín in tán, ó sì ti yíjú padà. Àwọn ni àwọn pè é pé ìdì kan ṣì kù nísàlẹ̀. Ó gbé e rù, ó pàtẹ́wọ́, ó sì bá ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó àwọn èèyàn padà sí abúlé lọ. Ṣé ó pọn ọmọ? Wọn kò wò ó. Orúkọ rẹ̀? Wọn kò bi í.

Mo lọ síbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń dúró sí, mo lọ sí iléèwé, mo ń ṣàpèjúwe àdìrẹ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, mo sì sunkún.

Ilé

Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi dá mi padà. Inú rẹ̀ ni ète kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ ọkàn mi. Mo kúkú mọ Zita. Mo pọn ọmọ rẹ̀. Bí mo bá sọ fún Màmá pé ọ̀já Fúnkẹ́ ni mo fi pọ̀n ọ́n, ta ni yóò jà mí níyàn? Títí mo fi dé Benin ni mo ń tún un sọ lábẹ́ ahọ́n: Zita ni orúkọ ìyá rẹ̀, Màmá. Zita ni.

Màmá Ìlá jókòó sí pálọ̀ wọn, wọ́n ti gbé omi tútù sílẹ̀ dè mí. Wọn kò bèèrè ẹja, wọn kò bèèrè fọ́tò.

"Orúkọ ńkọ́?"

Mo la ẹnu, Zita kọ̀, kò jáde. "Màmá, n kò mọ̀ ọ́n," ni mo wí. Mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ibi tí ẹrù wọn wà, àyè tí mo fi sílẹ̀, gèlè mi, òkú tí odò gbé wá, obìnrin tó dé kẹ́yìn. Wọn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, wọ́n ń fi ọwọ́ ra orúnkún wọn.

"Ó ti ń lọ kí wọ́n tó pè é padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọwọ́ òfo ló máa gbé lọ sílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Obìnrin tí wọ́n sin yẹn, wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa?"

"Dáadáa, Màmá. Wọ́n fi ìró dì í."

"Wọn ò sì morúkọ ìyá ẹ̀."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n."

"Bí ẹnì kan bá rí Fúnkẹ́ mi nísàlẹ̀ odò, tó sì sin ín," ni Màmá wí, "òun náà ò morúkọ mi." Wọ́n nu ojú wọn. "Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, Mọrẹ́nikẹ́. Mu omi ẹ."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí omi kún ní àwọn abúlé etí odò lápá òkè ìpínlẹ̀ Edo níbí. Iléeṣẹ́ wa tún yọ̀ǹda ọkọ̀ akẹ́rù kan, Aduwawa lẹ́yìn ìlú Benin la sì ti lọ di ẹrù sí i, nítorí pé ọ̀nà Auchi ló máa gbà. Ilé kan, ìdì kan náà ni, ṣùgbọ́n a ti fi ọ̀rá di ọṣẹ lọ́tọ̀. Èmi ni mò ń pàṣẹ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kí àwọn géńdé fi ìdì Màmá Ìlá sílẹ̀ ná, kí wọ́n kó ti gbogbo èèyàn ṣáájú. Alága ranjú mọ́ mi. Mo lọ bá Màmá níbi tí wọ́n jókòó sí, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé bí tiwọn bá kẹ́yìn wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde, ọwọ́ ẹni tó bá sì gbà á yóò tètè tẹ̀ ẹ́, a ó sì mọ orúkọ rẹ̀.

Màmá mirí. "Rárá. Ìsàlẹ̀ ni kí o gbé e sí, níbi tó wà nígbà yẹn. Gbogbo wọn ni wọ́n rí, Fúnkẹ́ mi ló ṣẹ́ kù tí wọn ò rí. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn, tí ọwọ́ ẹ̀ ì bá ṣófo, tèmi ni."

Mo dìde, mo gbé ìdì náà fúnra mi, mo gun ọkọ̀, mo sì gbé e sí igun ẹ̀yìn pátápátá.